Bí Spam Bá Ya Bo Gúrúùpù Wa: Ká Ṣòfin Tí Kì Í Wojú

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kan gbogbo ẹni tó bá ní fóònù tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ spam ni, pàápàá jù lọ èyí tó ń ya bo gúrúùpù tí a ti jọ ń sọ̀rọ̀. Spam ni àtẹ̀ránṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, tí wọ́n ń dà lu ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè jẹ́ ìpolówó ọjà. Ó lè jẹ́ owó tí wọ́n ní yóò di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ ìlú òyìnbó tí kò sí níbì kankan. Ó sì lè jẹ́ àdúrà tí wọ́n ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jẹ́ ká wo gúrúùpù ẹbí kan, irú èyí tó wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ nínú wa. Aago márùn-ún ìdájí, àwòrán òdòdó wọlé, wọ́n kọ “Ẹ kú ojúmọ́” sí i lára. Fídíò ìwàásù tẹ̀ lé e. Ẹnì kan gbé líǹkì owó ìrànwọ́ ìjọba síbẹ̀, ẹlòmíì gbé ewé tí wọ́n ló ń wo àtọ̀gbẹ wá. Àmín, àmín, àmín. Kí aago méje tó lù, ọ̀rọ̀ ti lé ní àádọ́ta. Láàárín wọn ni ẹ̀gbọ́n kan ti kọ ọ́ ní ìlà kan péré pé wọ́n ti sún ìpàdé ẹbí sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó rí i. Nígbà tó di Sátidé, èèyàn mẹ́rin wọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Òṣogbo, ilẹ̀kùn ni wọ́n bá ní títì.

Ohun tí spam ń gbà lọ́wọ́ wa nìyẹn. Dátà nìkan kọ́. Ó ń bo ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó mọ́lẹ̀, títí àwọn tó ní nǹkan gidi láti sọ á fi dákẹ́, tí àwọn tó fẹ́ gbọ́ á sì pa ohùn gúrúùpù náà lórí fóònù wọn, wọn ò ní wò ó mọ́. Orúkọ igba èèyàn á ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí. Gúrúùpù tó bá fẹ́ borí spam gbọ́dọ̀ ní òfin tó ń ka iye ọ̀rọ̀, tí kì í wo ojú ẹni tó sọ ọ́, kí gbogbo ilé sì ti fẹnu kò lórí òfin náà kí wàhálà tó dé. Àwọn tó ṣíwájú wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ìyà sì jẹ wọ́n kí wọ́n tó kọ́ ọ.

Spam kì í ṣe ọmọ àná. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1978, Gary Thuerk, tó ń polówó kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation ní Amẹ́ríkà, fi ìpolówó kan náà ránṣẹ́ sí bí irinwó èèyàn lórí ARPANET, ìyẹn ètò tí íntánẹ́ẹ̀tì òde òní ti ara rẹ̀ yọ. Àwọn aláṣẹ ARPANET bá a wí, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ọdún 1994 ni àkúnya gidi dé. Nígbà náà, Usenet ni ibi tí àwọn tó ní kọ̀ǹpútà ti máa ń jíròrò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún gúrúùpù ló wà níbẹ̀: ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ti àwọn olórin, ti ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà ní tiwọn, soc.culture.nigeria ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún yẹn, lọ́yà méjì tí wọ́n jẹ́ tọkọtaya ní ìpínlẹ̀ Arizona, Laurence Canter àti Martha Siegel, lo ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n fi da ìpolówó kan náà sí gúrúùpù tó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún láàárín wákàtí díẹ̀.

Kí ni wọ́n ń polówó? Lọ́tìrì Green Card. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà tí àwọn èèyàn wa máa ń tò ní káfé láti wọ̀, kó tó di pé wọ́n yọ Nàìjíríà kúrò láti orí ètò ọdún 2015. Ní 1994, ìjọba Amẹ́ríkà kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́. Orúkọ àti àlàyé díẹ̀ ni èèyàn á kọ sínú ìwé, á sì fi í ránṣẹ́. Ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni àwọn lọ́yà yìí fẹ́ máa gbowó lé lórí.

Ẹni tó ń ka gúrúùpù àwọn onísáyẹ́ǹsì bá ìpolówó Green Card níbẹ̀. Ó bọ́ sí ti àwọn olórin, ó tún bá a. Inú bí àwọn èèyàn débi pé ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kọ pọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń fún tọkọtaya náà ní íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé lọ. Kọ̀ǹpútà náà dákú léraléra, ilé-iṣẹ́ náà sì lé wọn. Nígbà tó di 1997, ìpínlẹ̀ Tennessee gba àṣẹ iṣẹ́ lọ́yà lọ́wọ́ Canter, ìpolówó yìí sì wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn.

Ohun tí àwọn ará Usenet ṣe lẹ́yìn èyí ló yẹ ká gbọ́ dáadáa. Àwọn kan nínú wọn kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń pa spam rẹ́ bó bá ṣe ń wọlé. Ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀. Ta ló fún ọ láṣẹ láti pa ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ rẹ́? Bó bá jẹ́ spam lónìí, ṣé kò ní di ọ̀rọ̀ òṣèlú tí kò wù ọ́ lọ́la? Ìbéèrè gidi ni, kò sì sí gúrúùpù tí kì í dojú kọ ọ́ títí di òní olónìí.

Òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi orúkọ Seth Breidbart, ẹni tó gbé e kalẹ̀, pè ni wọ́n fi dáhùn rẹ̀. Òṣùwọ̀n náà kò bi ọ́ pé kí lo sọ. Kò bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Ohun tó ń béèrè kò ju pé: ẹ̀ẹ̀mélòó lo sọ ọ́, gúrúùpù mélòó lo sì gbé e sí? Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ kan náà sí ogún gúrúùpù lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́ 45, spam ni, wọ́n lè pa á rẹ́. Ìbáà ṣe ọjà títà, ìbáà ṣe ìwàásù, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Nítorí pé iye ni wọ́n ń kà, àwọn tí kò gbà fún ara wọn lórí ìṣèlú tàbí ẹ̀sìn lè fẹnu kò lórí rẹ̀. Olówó àti tálákà, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n.

Ẹ sì jẹ́ ká wo ibi tí àìṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń gbé èèyàn dé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Google ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀ láti inú Google Groups wọ Usenet. Àǹfààní ńlá ni fún ẹni tí kò ní owó, tí kò sì mọ kọ̀ǹpútà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí náà ni àwọn tó ń da spam sílẹ̀ gbà. Ní apá ìparí ọdún 2023, àkúnya náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan lára àwọn tó ń bójú tó Usenet fi ń dí gbogbo ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ Google wá, ti ẹni rere àti ti ẹni burúkú. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2024, Google ti ọ̀nà náà pa pátápátá, spam sì wà lára ìdí tí wọ́n kà sílẹ̀. Ọmọlúàbí tó ti ń gba ibẹ̀ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ bá a lọ. Bí a kò bá tètè wá nǹkan ṣe sí spam, ẹni tí kò ṣẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀ jù.

Kí ló wá dé tí spam kì í tán? Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ kì í náwó. Ẹni tó ń gbà á ló ń náwó. Gbájú-ẹ̀ tó da ọ̀rọ̀ kan sí ẹgbẹ̀rún gúrúùpù kò san ju ẹni tó dà á sí ẹyọ kan. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá kó sí i lọ́wọ́ nínú ẹgbàárùn-ún, ó ti jèrè. Ẹ̀yin tó kù lẹ ó san ìyókù: dátà yín, àyè inú fóònù yín, àkókò yín, àti ọkàn tí ẹ ó fi máa ya irọ́ kúrò lára òótọ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Nítorí náà, ọgbọ́n tó bá máa ṣiṣẹ́ ni èyí tó bá mú kí spam ṣòro láti fi ránṣẹ́.

Àwọn kan á ní, “Imeeli mi kì í kún fún spam bíi ti àtijọ́ mọ́, kí ló dé tí WhatsApp kò rí bẹ́ẹ̀?” Ìbéèrè tó dára ni. Nínú imeeli, ẹ̀rọ ló ń ka ọ̀rọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ó ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún spam rí, ó mọ irú ọ̀rọ̀ tó máa ń wà nínú wọn, á sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá kọ di àdìtú, débi pé ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó gbà á nìkan ló lè kà á. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò lè kà á. Ohun rere ni, ó ń dáàbò bo àṣírí wa. Àmọ́ ẹ̀rọ tí kò lè ka ọ̀rọ̀ kò lè bá wa ṣa spam nínú rẹ̀. Ní ti àtẹ̀ránṣẹ́ SMS lásán tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń yọ wá lẹ́nu, àjọ NCC tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà fún wa ní nọ́ńbà 2442: ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí i, ìpolówó á dáwọ́ dúró. Kò sí 2442 fún gúrúùpù WhatsApp. Àwa tí a wà nínú rẹ̀ ni 2442 ibẹ̀.

Kíka iye ni WhatsApp náà sá di nígbà tí kò lè ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2019, ibi márùn-ún péré lèèyàn lè ta ọ̀rọ̀ kan látaré sí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí àrùn kòrónà dé, ní oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n tún dín in kù: ọ̀rọ̀ tó bá ti gba ọwọ́ márùn-ún kọjá, ibì kan ṣoṣo lèèyàn lè ta á látaré sí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì máa ń fi ọfà méjì sí i lórí. WhatsApp sọ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dín kù ní ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn òfin yìí. Wọn kò yẹ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni wò. Ìrìn àjò ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n kà, wọ́n sì mú kí ìrìn náà nira díẹ̀ sí i.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sí ohun tí a lè ṣe. Ká ní ó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ òní. Aago mọ́kànlá ti lù. Gúrúùpù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló wà níbẹ̀. Lójijì, nọ́ńbà akápò ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ sílẹ̀: “Mo fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà bẹ̀rẹ̀, wọ́n san ìlọ́po mẹ́rin fún mi láàárín wákàtí kan. Ẹ tètè tẹ líǹkì yìí.” Ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún. Àwòrán áláàtì báǹkì tẹ̀ lé e. Akápò kọ́ ló ń kọ ọ́. Gbájú-ẹ̀ ló ti gba WhatsApp rẹ̀ lọ́sàn-án. Kí ni alámòójútó, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní ádímìn, máa ṣe?

Àkọ́kọ́, ẹ pa ẹnu gúrúùpù mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ gúrúùpù lókè, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Group permissions sí, kí ẹ sì pa àyè tó gba gbogbo èèyàn láti kọ ọ̀rọ̀, kó fi jẹ́ pé ádímìn nìkan ló lè sọ̀rọ̀. Èyí ló ń dá àkúnya dúró lójú ẹsẹ̀. Bí nọ́ńbà tí gbájú-ẹ̀ gbà bá jẹ́ ti ádímìn, ẹ kọ́kọ́ gba ipò ádímìn lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá, nítorí agbára tí ẹ ní lòun náà ní.

Èkejì, ẹ yọ nọ́ńbà náà kúrò. Ẹ̀kẹta, ẹ pa ohun tó dà sílẹ̀ rẹ́ fún gbogbo èèyàn. Láti 2022 ni ádímìn ti ní agbára láti pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíì rẹ́ lórí fóònù gbogbo ọmọ gúrúùpù, ṣùgbọ́n àkókò tí wọ́n fún un kò gùn, ẹ má fi í falẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ yí líǹkì ìwọlé padà. Bọ́tìnnì kan ló wà fún un, Reset link ni wọ́n kọ sí i. Líǹkì àtijọ́ á di òkú, ẹnikẹ́ni tí gbájú-ẹ̀ bá ti fún kò ní lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ pe akápò lórí fóònù, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ sí i lórí WhatsApp, torí gbájú-ẹ̀ ni yóò dá yín lóhùn. Ẹ sọ fún un pé kó fi nọ́ńbà rẹ̀ wọ WhatsApp lákọ̀tun lórí fóònù tirẹ̀. Wọ́n á fi nọ́ńbà oníhóró mẹ́fà ránṣẹ́ sí i. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ wọlé, gbájú-ẹ̀ á jáde. Ẹ̀kẹfà, ẹ kọ ìkéde kúkúrú kan síbẹ̀: “Kì í ṣe akápò ló kọ ohun tí ẹ rí. Ẹ má tẹ líǹkì náà. Ẹni tó bá ti fowó ránṣẹ́, kó kàn sí báǹkì rẹ̀ ní ìsinsìnyí.” Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ṣí ẹnu gúrúùpù padà. Ẹ má gbàgbé èyí o. Gúrúùpù tí a tì pa fún oṣù mẹ́ta nítorí spam alẹ́ ọjọ́ kan, spam ti borí níbẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe gba WhatsApp akápò? Ẹnì kan kọ̀wé sí i, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ bá mi dá a padà, ti ìforúkọsílẹ̀ ìpàdé wa ni.” Orí nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, nítorí wọ́n ti gba ti ọ̀rẹ́ náà ṣáájú. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ WhatsApp rẹ̀. Ẹ̀yin ará, kò sí ẹnikẹ́ni láyé yìí, ìbáà jẹ́ pásítọ̀, ìbáà jẹ́ ààfáà, ìbáà jẹ́ ọmọ bíbí inú yín, tó yẹ kí ẹ fún ní nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ sì lọ síbi ètò inú WhatsApp yín lálẹ́ òní, sí ibi tí wọ́n kọ Two-step verification sí, kí ẹ yan nọ́ńbà àṣírí tiyín. Pẹ̀lú ìyẹn, bí kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ bá tilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, kò tíì lè wọlé.

Àwọn baba wa ní bí ògiri kò lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ibi tí ògiri gúrúùpù ti máa ń lanu kò pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni líǹkì ìwọlé tí a lẹ̀ mọ́ ojú ewé Facebook tàbí tí a tẹ̀ sórí ìwé ìpàdé. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣa irú líǹkì bẹ́ẹ̀ kiri. Níbi tí ẹ ti pa ẹnu gúrúùpù mọ́ lẹ́ẹ̀kan yẹn náà lẹ ó ti rí Approve new members. Ẹ ṣí i. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ wọlé á kan ilẹ̀kùn, ádímìn ni yóò ṣí i fún un. Kí ádímìn sì bi í ní ìbéèrè kan tí ará ilé nìkan lè dáhùn: ọdún wo lẹ jáde, ta ló kọ́ yín ní ìṣirò, agboolé wo lẹ ti wá? Ẹni tó bá jẹ́ ojúlówó á dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ẹ̀yin náà tí ẹ kì í ṣe ádímìn, ẹ ní ilẹ̀kùn tiyín. Ẹ wọ Settings inú WhatsApp, lẹ́yìn náà Privacy, lẹ́yìn náà Groups, kí ẹ yan My contacts. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú fóònù yín kò ní lè kó yín sínú gúrúùpù òjijì tí ẹ kò mọ̀ rí. Bí spam bá sì dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má dá a lóhùn, kódà láti bú u. Èsì yín ló ń sọ fún un pé èèyàn gidi ló ní nọ́ńbà náà. Ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun WhatsApp ná, kí ẹ tó dí nọ́ńbà náà pa. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tó fi ránṣẹ́ sí yín kẹ́yìn á bá ẹjọ́ náà lọ, ìyẹn sì wà lára ọ̀nà díẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà lè gbà mọ ohun tí gbájú-ẹ̀ ń kọ.

Mo ti sọ ti àjèjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara ilé, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Púpọ̀ nínú spam tó ń bo gúrúùpù wa, àwọn tí a fẹ́ràn ló ń fi í ránṣẹ́. Bàbá wa ni. Ìyá ìjọ ni. Ẹ̀gbọ́n tó ń san owó ilé-ìwé fún wa ni. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é. Ta ló máa wá sọ fún bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún pé fídíò mẹ́tàlá láàárọ̀ kan ti pọ̀ jù?

Ká má sì rò pé kò ní ewu nínú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola ti wọ Èkó, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù káàkiri Nàìjíríà pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún, kí àrùn náà má bàa mú wa. Àwọn ará ilé, ọ̀rẹ́ àti ọmọ ìjọ ló ń fi í ránṣẹ́ síra wọn láàárín òru. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ìròyìn dé pé èèyàn méjì ti kú nípa mímu omi iyọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ètò ìdókòwò kan tí wọ́n ń pè ní CBEX, tó ṣèlérí èrè gọbọi, dẹnu kọlẹ̀, àwọn tó fowó sí i sì fi ìbínú ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn. Kì í ṣe ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n ló kó ọ̀pọ̀ wọn wọ̀ ọ́. Líǹkì tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni, torí èrè wà fún ẹni tó bá fa ẹlòmíì wọlé.

Níbí gan-an ni òfin tó ń ka iye ti wúlò jù. Bí ẹ bá sọ fún bàbá pé ọ̀rọ̀ wọn kò dára, ẹ ti rí wọn fín. Bí ẹ bá dá ti aládùúrà dúró, tí ẹ jẹ́ kí ti olóṣèlú kọjá, ẹ ti ṣe ojúsàájú, ìjà á sì dé. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹbí bá ti jókòó, tí wọ́n fẹnu kò pé ohun àtaré méjì ni kálukú lè gbé wá lójúmọ́, àti pé ọ̀rọ̀ tó bá ti ní ọfà méjì lórí kò gbọdọ̀ wọlé rárá, kò sí ẹni tí wọ́n fojú sùn. Ọfà méjì náà wà níbẹ̀, ọmọdé àti àgbà ló ń rí i. Kò sí àríyànjiyàn lórí bóyá ọ̀rọ̀ náà dùn tàbí kò dùn.

Bí ẹnì kan bá wá kọjá iye, ẹ má bá a wí lójú gbogbo èèyàn. Ẹ lọ bá a ní ìkọ̀kọ̀. Bí àgbà bá ni, ẹ lè sọ ọ́ báyìí: “Ẹ kú ojúmọ́ sà. Àdúrà yín ń dé ọ̀dọ̀ wa, Ọlọ́run á máa gbọ́ tiyín náà. Gbogbo wa la fẹnu kò níjọ́sí pé méjì méjì ni kálukú á máa mú wá, kí ìkéde ẹbí má bàa sọnù. Ẹ dákun, ẹ bá wa mú méjì tó dùn mọ́ yín jù. A ti ṣí gúrúùpù àdúrà lọ́tọ̀ fún ìyókù, ẹ̀yin gan-an la sì fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ olórí ibẹ̀.” Ẹ ò tàbùkù wọn. Ẹ fún wọn ní ibi tí ohùn wọn yóò ti dún dáadáa. Kí ẹ sì bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa pa òfin náà mọ́, torí àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tó bá rí i pé bàbá ń pa òfin mọ́ kò ní lẹ́nu láti rú u.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún àwọn ádímìn. Ẹ má dá iṣẹ́ náà ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè ṣọ́ gúrúùpù tọ̀sán-tòru. Ẹ yan mẹ́ta ó kéré tán, kí ọ̀kan wà lókè òkun bó bá ṣeé ṣe, torí bí a bá ń sùn nílé, ojú àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà ṣì là. Ẹ má fi agbára ádímìn pa ọ̀rọ̀ tí inú yín kò dùn sí rẹ́, torí ọjọ́ tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni òfin yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í wojú. Bí ẹ bá yọ ẹnì kan, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ bó ṣe lè padà. Ohun tí a bá jọ wò, gígùn ní í gùn.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, iṣẹ́ mẹ́ta ni mo fi sílẹ̀ fún yín kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní. Ẹ ṣí Two-step verification lórí fóònù yín, kí ẹ sì bá àwọn òbí yín ṣí tiwọn. Ẹ bi ádímìn gúrúùpù tí ẹ fẹ́ràn jù bóyá ó ti ṣí Approve new members. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ iye yìí kalẹ̀ níwájú ẹbí tàbí ẹgbẹ́ yín, kí ẹ jọ sọ ọ́, kí ẹ fẹnu kò, kí ẹ kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti máa rí i. Àwọn tó ń da spam sílẹ̀ kò ní sinmi, nítorí iṣẹ́ náà kò ná wọn ní nǹkan kan. Tiwa ni pé ká jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ná wọn.